Orí Kẹfà: Ìkòkò Ni Kí Ẹ Kà. Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìrànwọ́ fún Asásálà àti Abúlé Ẹnubodè

Ẹnu ọlọ́kadà ni ìròyìn ti máa ń kọ́kọ́ jáde. Á ní àwọn ará oko kan ti sọdá láàárọ̀, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n ru ẹní, àwọn àgbà ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Kó tó di ọjọ́ kẹta, fóònù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á ti máa dún, ṣọ́ọ̀ṣì á ti gba igbá ọrẹ, mọ́ṣáláṣí á ti kéde. Ẹnì kan á wá ní: "Ẹ jẹ́ ká háyà ọkọ̀, ká ra ìrẹsì, ká máa lọ." Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ẹ̀yin ni orí yìí ń bá sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ẹrù ló yẹ kó gbéra kẹ́yìn. Ìwé ló ń ṣáájú rẹ̀, inú ìwé kan náà sì ni orúkọ ẹni tó sá wá àti orúkọ ẹni tó gbà á sílé gbọ́dọ̀ wà.

Bodè Nàìjíríà àti Benin, láti Ìdírókò dé Ìmẹ̀kọ, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló la ilẹ̀ náà sí méjì, kò sì la ẹbí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran gbóná ní Àríwá Yewa, àwọn ará abúlé níhà Kétu àti Ẹ̀gùá sọdá sí ilẹ̀ Benin, wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan. Ní 2005, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ní Togo, nǹkan bí 40,000 ènìyàn sá lọ sí Benin àti Ghana. Wọ́n pàgọ́ fún wọn ní Agamé, nítòsí Lokossa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wọ ilé ẹbí àti ojúlùmọ̀. Kí àjọ kankan tó dé, onílé ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ohun tó ti ná kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan, àfi bí ẹ bá kọ ọ́.

OHUN TÍ Ẹ Ó KÓ JỌ

Fún iṣẹ́ ìwé àti ìpín:
• Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle méjì: ọ̀kan fún orúkọ, ọ̀kan fún ẹrù. Bírò ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má lo pẹ́ńsù.
• Pádì yíǹkì fún ìtẹ̀ka.
• Káàdì páálí tí ẹ ti kọ nọ́ńbà sí, tí ẹ sì ti lu òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ sí lára.
• Ìwọ̀n alágbékọ́ tó lè gbé 50 kílò.
• Okùn, fèrè, gbohùngbohùn ọlọ́wọ́, tapólì fún ìbòòji.
• Téèpù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọdé. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín.
• Fóònù méjì, ọ̀kan pẹ̀lú síìmù Nàìjíríà, èkejì pẹ̀lú ti Benin. Páwábáǹkì àti tọ́ọ̀ṣì.
• Owó náírà àti sẹ́fà, ní owó kéékèèké.

Ẹrù tó sábà máa ń wúlò: tapólì, ẹní, aṣọ ìbora, àwọ̀n ẹ̀fọn, kẹ́ẹ̀gì omi onídèérí, ìkòkò ìdáná, ọṣẹ, pádì obìnrin, oúnjẹ gbígbẹ, òróró àti iyọ̀. Ní ti ọṣẹ, 250 gíráàmù fún ìwẹ̀ àti 200 gíráàmù fún aṣọ fífọ̀ ni òdiwọ̀n ẹnì kan lóṣù.

Ènìyàn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní: nọ́ọ̀sì kan, ẹni tó gbọ́ Faransé dáadáa, obìnrin méjì ó kéré tán, awakọ̀ tó mọ ọ̀nà oko, àti ẹnì kan tí kì í ṣojúsàájú tó bá dọ̀rọ̀ ìṣírò owó.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Ẹ FOJÚ HAN ÀWỌN TÓ NI ILẸ̀

Ẹ má wọ abúlé kankan láì jẹ́ kí baálẹ̀ gbọ́. Ní Nàìjíríà, ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, SEMA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó pàjáwìrì, àti àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó asásálà àti àwọn tí ogun lé nílé. Ní Benin, ọ́fíìsì mẹ́ẹ̀rì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, lẹ́yìn náà olórí abúlé tí ìjọba mọ̀, àti àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ bèèrè bóyá Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa tàbí UNHCR, àjọ asásálà ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, ti wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti wà, ẹ má dá tiyín ṣe. Ẹ ní kí wọ́n sọ ibi tí ọwọ́ wọn kò tíì dé.

Lẹ́tà náà kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: ta ni yín, kí lẹ fẹ́ ṣe, ọjọ́ wo, ọkọ̀ mélòó, nọ́ńbà ta ni kí wọ́n pè. Ẹ ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Kí olúkúlùkù gba ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ìwé olóǹtẹ̀ yẹn ni yóò sọ̀rọ̀ fún yín lójú ọ̀nà nígbà tí ẹnu bá kọ̀.

Ẹ mọ òfin kan tí yóò ràn yín lọ́wọ́. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí asásálà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1969, ka ẹni tó sá kúrò nílùú rẹ̀ nítorí rògbòdìyàn ńlá mọ́ asásálà, kódà bí ìjọba kò bá lé e. Ó tún kà á léèwọ̀ láti lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà síbi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ọkọ̀ yín kó wọn padà tipátipá, ẹ ní ẹ kò ṣe.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Ẹ LỌ WO ILẸ̀ LỌ́WỌ́ ÒFO

Ènìyàn mẹ́ta ti tó, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Ẹ má gbé ẹrù. Ẹni tó bá gbé àpò mẹ́wàá lọ wo ilẹ̀ kò ní rí ilẹ̀ wò. Àpò ni gbogbo ojú á máa wò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n á sì bá a sọ ni ọ̀rọ̀ tí yóò mú àpò jáde.

Ẹ ti ìdí kànga bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó síbẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́jọ. Ẹ ka àwọn tó wà lórí ìlà, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kí kẹ́ẹ̀gì kan tó kún, ẹ tẹ́tí sí ohun tí àwọn obìnrin ń bára wọn sọ. Bí onílé àti àlejò bá ti ń ṣọ̀tẹ̀ síra wọn, ìdí kànga lẹ ó ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, ibi tí wọ́n ń sùn, ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi ìdáná, àti ọjà. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò àgbàdo àti kóńgò gàrí lọ́dọ̀ òǹtajà mẹ́ta, kí ẹ sì padà bèèrè lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Bí owó rẹ̀ bá ń ga láti ọjà dé ọjà, àlejò ti ju oúnjẹ tó wà nílẹ̀ lọ.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Ẹ KỌ ORÚKỌ, ẸNU ÌKÒKÒ NI KÍ Ẹ FI KÀ Á

Ibí ni iṣẹ́ ti ń dára, ibẹ̀ náà ló ti ń bàjẹ́. Bí ẹ bá fi òrùlé ka ilé, ẹ ó kọ ọkùnrin kan tó ní ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mẹ́tàlá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé kan, àpò kan á sì kàn án. Ìkòkò mẹ́ta ló ń hó lágbàlá yẹn. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan tó dá dúró, ilé kan ni. Orúkọ obìnrin tó ń rò ó ni kí ẹ kọ síwájú.

Ẹ la ojú ìwé sí òpó wọ̀nyí: nọ́ńbà, orúkọ alásè, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún, àgbàlagbà, arúgbó, aláboyún tàbí abiyamọ, abirùn tàbí aláìsàn, abúlé tó ti wá, ilé ẹni tó wọ̀ sí. Òpó tó kẹ́yìn yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Gbogbo orúkọ onílé tó bá jáde níbẹ̀, ẹ ṣí ojú ìwé fún òun náà, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè méjì: "Ènìyàn mélòó lẹ ń bọ́ báyìí?" àti "Kí ló ti tán nílé yín?"

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó gba mọ́kànlá sílé. Á rẹ́rìn-ín, á ní kò séwu. Ẹ má tíì pa ìwé dé. Ẹ ní kó mú yín dé ìdí àjà, ní òkè ààrò, níbi tí wọ́n ń so ṣìírì àgbàdo kọ́ kí èéfín lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Bí okùn bá ṣófo, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ ni àlejò àti onílé jọ jẹ yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: "irúgbìn ti tán." A ó padà síbẹ̀ kí orí yìí tó parí.

Ẹ má bèèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, ẹ má bèèrè ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ má sì ní kí wọ́n rò fún yín bí wọ́n ṣe pa ènìyàn wọn. Kò sí oúnjẹ tí ìdáhùn yẹn máa pín. Ẹ ṣàlàyé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé orúkọ kíkọ kì í ṣe ìlérí. Lálẹ́, ẹ pe baálẹ̀, aṣáájú àwọn àlejò àti ìyálọ́jà jọ, kí wọ́n gbọ́ iye ilé tó wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ èyí tí ẹ fò.

ÌKÌLỌ̀: Ìwé orúkọ jẹ́ ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tó ń wá wọn kiri. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp. Ẹ̀dà méjì péré ni kó wà, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹni tí kò sí ní bodè.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: Ẹ YAN ÌGBÌMỌ̀ ABÚLÉ

Ẹni méje tó. Mẹ́ta láti inú àwọn àlejò, mẹ́ta láti inú àwọn onílé, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ yín. Kí obìnrin má dín ní mẹ́ta. Baálẹ̀ ni baba ìsàlẹ̀, kó má jẹ́ òun ni yóò di kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù mú. Bí ẹrù bá dín, òun ni ojú yóò kọ́kọ́ tì. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kí ẹ fi ti ilé ẹrù, ọ̀kan lọ́wọ́ àlejò, ọ̀kan lọ́wọ́ onílé. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní lè dá ṣí i.

Ẹ wá obìnrin kan tí kò sí nínú ìgbìmọ̀, tí gbogbo ènìyàn gbà pé kì í tú àṣírí, kó máa gba ẹ̀sùn. Ẹ kéde orúkọ rẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú gbólóhùn yìí: "Ọ̀fẹ́ ni ìrànwọ́ yìí. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún òun lówó, tàbí kí ẹ wá sọ́dọ̀ òun lálẹ́ kí ẹ tó gba ìpín, ẹ wá sọ." Ẹ sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pín nǹkan.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ẹ ṢÍRÒ KÍ Ẹ TÓ RÀ

Òdiwọ̀n tí àwọn àjọ ìrànwọ́ ń lò fún ẹnì kan lójoojúmọ́ ni oúnjẹ tó tó 2,100 kálórì. Ohun tó máa kó apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọkà 400 gíráàmù, ẹ̀wà 60 gíráàmù, òróró 25 gíráàmù, iyọ̀ 5 gíráàmù. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìkòkò ẹni márùn-ún yóò gba ọkà 60 kílò, ẹ̀wà 9 kílò, òróró tó lé díẹ̀ ní 4 lítà, àti iyọ̀ tí kò tó kílò kan.

Bí àlejò bá jẹ́ 240 nínú ìkòkò 48, ọkà oṣù kan jẹ́ 2,880 kílò, ìyẹn àpò oní-50-kílò méjìdínlọ́gọ́ta. Ẹ má tíì pe ọlọ́jà. Ní àwọn abúlé Ìpínlẹ̀ Cross River tó gba asásálà Kamẹrúùnù láti ìparí 2017, ìlànà tí UNHCR ń tẹ̀ lé ni pé bí ìdá 70 nínú 100 bá lọ sọ́dọ̀ asásálà, ìdá 30 ń lọ sọ́dọ̀ àwọn onílé. Lórí ìṣírò yẹn, ẹ ó fi àpò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kún un fún onílé. Bí owó yín kò bá tó mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ẹ dín ọjọ́ kù fún gbogbo wọn. Ẹ má yọ onílé kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gàrí dára nítorí kò béèrè iná. Àmọ́ kò sí ohun gidi kan nínú rẹ̀ fún ara ọmọdé, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó dá wà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà tẹ̀ lé e kíákíá. Ẹ yẹ ẹ̀wà wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ti gbó máa ń jẹ igi ìdáná gan-an, igi yẹn sì ni obìnrin á wọ igbó lọ ṣẹ́. Ẹ bá baálẹ̀ fẹnu kò lórí igbó tí àlejò lè ti ṣẹ́gi, kí wọ́n má baà gé igi èso olóko.

Ìwọ̀n ni kí ẹ fi wọn gbogbo nǹkan. Kóńgò ọjà kan kò bá òmíràn dọ́gba. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń pín, ẹ wọn kóńgò kan lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì lo ẹyọ kan ṣoṣo yẹn títí ẹ ó fi parí.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: Ẹ RÀ Á NÍTÒSÍ

Ohun tí ẹ lè rà ní Pobè tàbí Kétu ti ilẹ̀ Benin, ẹ má gbé e láti Èkó. Owó ọkọ̀ á dín, ìyọnu bodè á dín, alágbàdo ibẹ̀ náà á rí tirẹ̀ jẹ. Bí ó bá pọn dandan kí ẹrù sọdá, ẹ bèèrè lọ́wọ́ aṣọ́bodè ṣáájú, kí ẹ sì ní ìwé tó ka ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn bodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, tí wọn kò sì ṣí ti Ìdírókò títí di oṣù kẹrin 2022. Ẹni tó gbójú lé ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀nà náà lè dí mọ́ ọn lójú. Ìrẹsì òkèèrè àti epo bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì ni àwọn aṣọ́bodè fi ojú fínnífínní wò jù lọ. Ẹ má gbé wọn. Ẹ má sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú bí àṣẹ bá ń falẹ̀: bí wọ́n bá mú yín níbẹ̀, orúkọ onífàyàwọ́ lẹ ó jẹ́, àwọn tí ebi ń pa ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Bí ọjà bá ń ná dáadáa tí oúnjẹ sì pọ̀, owó sàn ju ẹrù lọ, nítorí ìyá kọ̀ọ̀kan ló mọ ohun tí ìkòkò òun ń béèrè. Ní òdìkejì bodè, sẹ́fà ni kí ẹ pín. Bí ẹ bá fún wọn ní náírà, àwọn onípàṣípààrọ̀ á jẹ nínú rẹ̀. Bí owó ọjà bá ti ń ga, ẹ pín oúnjẹ.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: OMI ÀTI ṢÁLÁŃGÁ ṢÁÁJÚ ÀPÒ

Ebi máa ń fúnni láyè díẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru kì í fúnni. Lítà 15 lójúmọ́ ni òdiwọ̀n tó kéré jù fún ẹnì kan, fún mímu, sísè àti fífọ̀. Fún ènìyàn 240, ó jẹ́ kẹ́ẹ̀gì oní-25-lítà 144. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ omi afọwọ́fà kan kò yẹ kó ju 500 ènìyàn lọ. Bí abúlé bá ti ní 400 tẹ́lẹ̀, 640 ló ti dorí kọ ẹ̀rọ kan yẹn. Nítorí náà, owó tí ẹ bá fi tún ẹ̀rọ omi ṣe ni ìrànwọ́ tí onílé àti àlejò jọ ń mu, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní jowú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣáláńgá kan fún 50 ènìyàn. Bí ìjókòó bá pẹ́, kó di ọ̀kan fún 20. Kó jìnnà sí kànga tó 30 mítà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì kan omi ilẹ̀. Kó ní ilẹ̀kùn tó ń tì láti inú, kó má sì jìnnà sí ibi tí wọ́n ń sùn, nítorí obìnrin kò gbọ́dọ̀ rin òkùnkùn kọjá lọ yàgbẹ́. Ẹ ya ti obìnrin sọ́tọ̀.

Fún ẹni tó ń ṣu gbuuru, kí nọ́ọ̀sì tó dé: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí ìrotíì ṣúgà mẹ́fà, ààbọ̀ ṣíbí ìrotíì iyọ̀, kí ṣíbí má kún kọjá ẹnu. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n; iyọ̀ tó pọ̀ jù lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá. Bí ìgbẹ́ bá funfun bí omi ìrẹsì, tó ń ya bí ẹ̀rọ, ẹ pe ilé ìwòsàn lọ́gán.

Ẹ fi téèpù wọn apá gbogbo ọmọ láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Bí ó bá dín ní 115 mìlímítà, ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ó bá wà láàárín 115 sí 125, ẹ sàmì sí orúkọ rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

ÌGBÉSẸ̀ KẸJỌ: ỌJỌ́ ÌPÍN

Ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní káàdì, kí ẹ sì kéde ohun tí yóò kàn án: "Ọkà kóńgò báyìí, ẹ̀wà kóńgò báyìí, òróró ìgò báyìí." Ẹni tó mọ ìpín rẹ̀ ṣáájú kò ṣeé rẹ́ jẹ.

1. Ẹ yan pápá gbalasa tó ní ẹnu ọ̀nà méjì, bíi pápá ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ta okùn kí ìlà má fọ́. Ẹni bá wọlé níhìn-ín á jáde lọ́hùn-ún.
2. Ẹ já ẹrù kí èrò tó dé. Ẹ má pín nǹkan láti orí ọkọ̀ láé.
3. Ẹ pe àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀. Aláboyún, arúgbó àti abirùn ni kó ṣáájú.
4. Ní tábìlì àkọ́kọ́, ẹ gba káàdì, ẹ wo orúkọ. Ní ìkejì, ó gba ẹrù. Ní ìkẹta, ó tẹ̀ka lẹ́yìn tó ti gbà á tán.
5. Onílé àti àlejò, ìlà kan náà.
6. Ẹ ṣètò àwọn ọ̀dọ́ tí yóò bá arúgbó ru àpò délé, kí ẹ sì sọ fún wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀.
7. Ẹ parí kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, kí obìnrin má baà ru oúnjẹ rin òkùnkùn.
8. Ẹ ka ohun tó ṣẹ́kù sókè lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ kọ ọ́, kí ìgbìmọ̀ tẹ̀ka sí i.

ÌKÌLỌ̀: Bí èrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í tì, ẹ fọn fèrè, ẹ dá ìpín dúró, kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kúrò nídìí ẹrù. Ẹ jẹ́ kí àpò lọ bó bá fẹ́ lọ. A lè ra àpò mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́pàá yìnbọn sókè nítorí ìrẹsì.

ỌMỌ TÓ DÁ WÀ

Ẹ ó rí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò sí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ tó ń jẹ́, oríkì bó bá mọ̀ ọ́n, abúlé rẹ̀, aṣọ tó wọ̀ wá. Ẹ fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá bí ọkàn ọmọ náà bá balẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì pe Alágbèélébùú Pupa, tí wọ́n ń wá ẹbí tó sọ nù. Bí ẹnì kan bá dé tó ní "Àbúrò mi lọmọ yìí bí," ẹ má tíì fún un. Ẹ ya òun àti ọmọ sọ́tọ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: kí ni wọ́n ń pe ìyá ìyá rẹ̀ nílé? Igi wo ló wà níwájú ilé? Bí ìdáhùn bá bára mu pàápàá, ìjọba ni yóò fọwọ́ sí i kí ọmọ tó kúrò.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

• Kíkó òkìrìkà. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ fi àpótí aṣọ ránṣẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Owó tí àpótí yẹn máa jẹ ní èbúté lè tún ẹ̀rọ omi ṣe.
• Pínpín mílíìkì oníyẹ̀fun fún abiyamọ. Omi ibẹ̀ kò mọ́. Ọmọ tó fi ọmú sílẹ̀ níbẹ̀ ti wọ ewu. Ìyá ni kí ẹ bọ́, kó lè máa fún ọmọ lọ́mú.
• Pínpín oògùn láìsí nọ́ọ̀sì, tàbí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.
• Yíya fọ́tò ènìyàn pẹ̀lú àpò lórí. Bí olùrànlọ́wọ́ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ ya ẹrù, ẹ ya ojú ìwé ìtẹ̀ka pẹ̀lú orúkọ tí ẹ ti bò.
• Jíjẹ́ kí olóṣèlú fi àwòrán ara rẹ̀ sára àpò. Ẹni tí kò ṣe tirẹ̀ á rò pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.
• Gbígbé ọkùnrin tó dira ogun nínú ọkọ̀ yín. Bí wọ́n bá rí ìbọn nínú ọkọ̀ ìrànwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ìrànwọ́ kankan kò ní là mọ́ lọ́nà yẹn.
• Rírìn lálẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ sùn síbi tí ẹ wà.

ÌGBÉSẸ̀ TÓ KẸ́YÌN: ÌPADÀBỌ̀ ÀTI IRÚGBÌN

Ọjọ́ kan á dé tí ìjọba á ní ilé ti rójú, kí wọ́n máa bọ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn nìkan kó ènìyàn. Ẹ ní kí àwọn àlejò yan ẹni márùn-ún nínú ara wọn láti lọ wo ilé, kí wọ́n sùn níbẹ̀, kí wọ́n padà wá ròyìn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní oúnjẹ oṣù kan àti owó ọkọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, ẹ má fi ìpín rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Àdéhùn 1969 yẹn kan náà ló ní ìpadàbọ̀ gbọ́dọ̀ ti ọkàn ẹni wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé sí ojú ewé àwọn onílé, ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ kọ "irúgbìn ti tán" sí. Àgbàdo tó tó 20 sí 25 kílò ló ń gbin hẹ́kítà kan. Ẹ ra irúgbìn gidi, èyí tí kòkòrò kò tíì wọ̀, kí ẹ sì gbé e dé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ lásán ni. Ìpín yìí kò nílò gbohùngbohùn. Ẹ gbé e lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìyá tó gba mọ́kànlá sílé wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, kó tẹ̀ka.

Nígbà tí ẹ bá rí i tó so ṣìírì díẹ̀ padà sókè ààrò, ẹ lè pa ìwé dé.